Ibn Khaldun, ẹni tó wádìí ohun tó ń wó ìjọba

Lónìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Ibn Khaldun, ọ̀mọ̀wé Lárúbáwá tí wọ́n bí ní Tunis ní 1332. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tí àjàkálẹ̀ àrùn fi pa bàbá àti ìyá rẹ̀. Ó di akọ̀wé àwọn ọba. Wọ́n gbé e ga, wọ́n tún jù ú sẹ́wọ̀n ní Fez.

Ohun tó rí láàfin ló kọ sínú ìwé Muqaddimah ní 1377, nínú ilé olódi kan ní Àlgéríà. Ó ní àwọn tó fi ìṣọ̀kan gba ìlú, tí ọmọ-ọmọ wọn bá ti jẹ ayé tó, wọn ò lè jagun mọ́. Àwọn àjèjì ni wọ́n á máa fowó gbà. Kí wọ́n lè rówó san, owó orí á ga. Àgbẹ̀ àti oníṣòwò á wá jáwọ́ nínú iṣẹ́, àpò ìjọba á sì gbẹ.

Ní 1384, àwọn ará ilé rẹ̀ kú sínú òkun bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wá bá a ní Ijíbítì. Ní 1401, okùn ni wọ́n fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí odi Damasku, kó lè lọ bá Tamerlan tó ká ìlú náà mọ́ sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, wọ́n kó ìlú náà, wọ́n sì dáná sun ún. Káírò ló kú sí ní 1406. Lójú tiwa, ìyà tó jẹ ẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọba ló jẹ́ kó mọ̀ wọ́n tó bẹ́ẹ̀.