Ibnul-Muqaffa: Ẹni Tó Fi Ẹnu Ẹranko Bá Ọba Wí

Ẹni tó bá ti jókòó nílé kéú títí tó fi dé orí kíka ìwé ìtàn lédè Lárúbáwá, ó ṣeé ṣe kó ti gbọ́ orúkọ Kalila àti Dimna. Ọ̀pọ̀ nínú wa ka ìtàn kìnnìún àti ajáko inú rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ àlọ́ ìjàpá. A rẹ́rìn-ín, a kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun díẹ̀, a pa ìwé dé. Ṣùgbọ́n àwọn ọba àti àwọn tó yí ọba ká ni ìwé náà ń bá wí, ẹni tó sì gbé e wọ èdè Lárúbáwá fi ẹ̀mí rẹ̀ mọ ohun tó ń sọ. Ìtàn rẹ̀ la fẹ́ sọ fún yín.

Ọmọ ilẹ̀ Páṣíà ni, ilẹ̀ tó di Iran lónìí. Ìlú Gur, tí wọ́n ń pè ní Firuzabad nísinsìnyí, ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 720. Ruzbih ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Agbowó-orí ni bàbá rẹ̀ lábẹ́ àwọn gómìnà ìjọba Umayya ní Iraq. Wọ́n ní ó kó owó ìjọba jẹ, wọ́n sì fìyà jẹ ẹ́ títí tí ọwọ́ rẹ̀ fi rọ tó ká jọ. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń pè é ní al-Muqaffa, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ rọ, tí ọmọ rẹ̀ sì di Ibnul-Muqaffa. Kí ọmọ náà tó mọ ohun tí à ń pè ní ìjọba, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un.

Ní Basra ló dàgbà sí, níbi tó ti kọ́ Lárúbáwá lẹ́nu àwọn ará aṣálẹ̀ tó ń wá síbẹ̀. Èdè ìyá rẹ̀ kọ́ o, síbẹ̀ títí di òní ni wọ́n ń fi ìwé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ Lárúbáwá fúnra wọn bí a ṣe ń kọ èdè wọn. Kí àwọn tó ń sọ pé Lárúbáwá le jù fún ọmọ Yorùbá gbọ́ èyí.

Iṣẹ́ akọ̀wé ló ṣe fún àwọn olóyè Umayya. Nígbà tí ìjọba Umayya wó ní ọdún 132 lẹ́yìn Hijira, ìyẹn 750, tí àwọn ọmọ Abbas gba ìjọba, ó bọ́ nínú wàhálà náà, ó sì di akọ̀wé Isa bin Ali, ẹni tí í ṣe arákùnrin bàbá Kálífà. Lọ́wọ́ Isa yìí ló ti gba Islam, tó sì ń jẹ́ Abdullahi.

Ní àkókò yẹn ló túmọ̀ Kalila àti Dimna. Láti Íńdíà ni ìtàn náà ti wá. Oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Burzoe ló mú un wá fún Khusrau Anushirwan, tó jọba Páṣíà láti 531 sí 579. Ibnul-Muqaffa gbé e láti èdè Páṣíà àtijọ́ sí Lárúbáwá, láti inú Lárúbáwá yìí ló sì ti tàn dé èdè Gíríìkì, Hébérù, Látìn, àti ti Sípéènì ní 1251.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìtàn tó fún ìwé náà lórúkọ. Kìnnìún ọba gbọ́ igbe akọ màlúù kan tó ń jẹ́ Shanzaba. Kò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí, àyà rẹ̀ sì já, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ajáko kan tó ń jẹ́ Dimna fura. Ibẹ̀ ni ìbàjẹ́ gbà wọlé, nítorí ọba tó ń fi ẹ̀rù rẹ̀ pamọ́ ti di ẹrú ẹni tó bá kọ́kọ́ mọ̀. Dimna lọ mú màlúù náà wá, ó sì rí i pé ẹranko jẹ́jẹ́ ni. Kìnnìún fẹ́ràn màlúù títí tó fi ń gba ìmọ̀ràn rẹ̀ ju ti gbogbo olóyè lọ, ni ìlara bá gba ọkàn Dimna. Ó sọ fún kìnnìún pé màlúù ń wá ìjọba rẹ̀. Ó lọ sọ fún màlúù pé ọba fẹ́ pa á jẹ. Ó sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan bí èkejì yóò ṣe dúró àti bí yóò ṣe wò tí wọ́n bá pàdé. Wọ́n pàdé lóòótọ́, oníkálukú sì rí ohun tí wọ́n ti sọ fún un lára èkejì. Kìnnìún pa màlúù.

Lójú tiwa, Dimna nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. Ọba tó pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ láì bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan ní tirẹ̀ níbẹ̀.

Nínú ìwé àwọn ará Íńdíà, Dimna jẹ oyè rẹ̀ ní àjẹgbádùn. Nínú ti Lárúbáwá, orí kan wà tí kò sí nínú ti Íńdíà, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé Ibnul-Muqaffa fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbé Dimna lọ síwájú adájọ́. Ó rojọ́ títí tó fi pa gbogbo ilé ẹjọ́ lẹ́nu mọ́. Ìyá ọba mọ òtítọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó. Wọn kò pa á títí tí ẹlẹ́rìí méjì fi dìde: ẹkùn, tó gbọ́ nígbà tí Kalila ń bá a wí, àti ẹranko mìíràn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn nínú ẹ̀wọ̀n.

Nígbà tí Mansur di Kálífà ní 754, Ibnul-Muqaffa ò fi ẹranko bojú mọ́. Ó kọ ìwé ìmọ̀ràn tí wọ́n ń pè ní Risala fis-Sahaba. Ó ní kí Kálífà ṣọ́ àwọn tó ń mú súnmọ́ ara rẹ̀, kí ó má jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun máa gba owó-orí, kí ó sì kó ìdájọ́ àwọn adájọ́ jọ sójú kan, nítorí ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ní Hira ti di èèwọ̀ ní Kufa. Mansur kò ṣe é.

Ìwé mìíràn ló pa á. Abdullahi bin Ali, arákùnrin Isa, ṣọ̀tẹ̀ sí Mansur ní 754, ogun ṣẹ́ ẹ, ó sì sá wá bá Sulaiman arákùnrin wọn, tí í ṣe gómìnà Basra. Wọ́n bẹ Mansur kó dárí jì í, ó gbà, ni wọ́n bá ní kí Ibnul-Muqaffa kọ ìwé àdéhùn. Ó kọ ọ́ débi pé kò sí ihò kankan tí Kálífà lè gbà jáde. Bí Mansur bá da àdéhùn náà, àwọn ìyàwó rẹ̀ di ẹni ìkọ̀sílẹ̀, àwọn ẹrú rẹ̀ di òmìnira, àwọn Mùsùlùmí sì bọ́ lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Ẹni tó kọ irú rẹ̀ mọ ẹni tó ń kọ ọ́ sí. Mansur béèrè ẹni tó kọ ọ́, wọ́n sọ fún un, ó sì jẹ́ kí ó hàn pé òun fẹ́ kí ẹnì kan bá òun mú un kúrò.

Wọ́n yọ Sulaiman, wọ́n fi Sufyan bin Muawiya sípò rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ kéú mọ̀ pé Lárúbáwá ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ fún ẹni méjì. Imú Sufyan tóbi, Ibnul-Muqaffa a sì máa kí i bí ẹni ń kí ẹni méjì, òun àti imú rẹ̀. Èyí kò dára, a kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Sufyan pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ sínú. Ní ọjọ́ kan láàárín 756 sí 759, Ibnul-Muqaffa wọ ilé Sufyan, kò sì jáde mọ́. Àwọn òpìtàn ní wọ́n ń gé ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú iná ààrò lójú rẹ̀. Kò tíì pé ẹni ogójì ọdún.

Àwọn kan ní zindiq ni, pé kò fi ẹ̀sìn àwọn baba rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkàn. Ọlọ́hun ló mọ inú ọkàn. Ohun tí àwa rí ni pé kò sí adájọ́ kankan tó jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, kò sí ẹlẹ́rìí kan, ká má tilẹ̀ sọ méjì. Dimna tó jẹ́ ajáko rí ju bẹ́ẹ̀ lọ gbà.

Isa àti Sulaiman kò jẹ́ kí ó lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú Sufyan lọ síwájú Mansur pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́rìí tó rí Ibnul-Muqaffa nígbà tó wọlé tí kò jáde. Mansur gbọ́ wọn tán, ó wá bi wọ́n léèrè pé bí òun bá pa Sufyan nítorí ẹ̀rí wọn, tí Ibnul-Muqaffa sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn òun wọlé láàyè, kí ni kí òun ṣe fún wọn? Ọ̀rọ̀ náà yé wọn. Wọ́n pa ẹnu mọ́, wọ́n sì bá ọ̀nà wọn lọ. Abdullahi bin Ali kú sínú àtìmọ́lé Mansur ní 764, pẹ̀lú gbogbo àdéhùn náà. Sufyan ní tirẹ̀ ṣì ni gómìnà Basra ní 762, nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba ìlú náà lọ́wọ́ rẹ̀.