Einthoven, ọmọ aláìníbaba tó sọ lílù ọkàn di ohun tí dókítà ń kà lórí bébà

Bí ọmọ Ṣakí tàbí Ìṣẹ́yìn tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn bá wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, ọ̀kan lára ohun tó máa ń já a láyà ni bébà tóóró kan tí ìlà ń gòkè, tó ń sọ̀ lórí rẹ̀. Wọn yóò ní kó sọ bóyá ọkàn ẹni tó ni bébà náà ń lù déédéé tàbí kò lù déédéé. Ẹni tó jẹ́ kí irú bébà bẹ́ẹ̀ ṣe é gbára lé ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Willem Einthoven.

Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù karùn-ún, ọdún 1860, ni wọ́n bí i nílùú Semarang, ní erékùṣù Java, tó wà lórílẹ̀-èdè Indonéṣíà lónìí. Dókítà ológun ni baba rẹ̀, àmọ́ kékeré ni ọmọ náà wà tí baba fi kú. Lọ́dún 1870, ìyá rẹ̀ kó ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ sílùú Utrecht, nílẹ̀ Họ́láǹdì. Ẹrù ọmọ mẹ́fà kì í ṣe kékeré lọ́rùn opó.

Utrecht yìí ni Willem ti kàwé ìṣègùn. Níbi eré ìdárayá ni ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́. Kàkà kó jókòó lásán, ìwádìí lórí bí apá ṣe ń yí ló fi àkókò náà ṣe. Lọ́dún 1885, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 25 péré, Yunifásítì Leiden yàn án sípò ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ṣáájú rẹ̀, lọ́dún 1887, Augustus Waller ti fi hàn nílùú London pé ọkàn ènìyàn ń mú iná mànàmáná díẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ yà kò ṣe kedere. Einthoven wá òwú tó fúyẹ́ gidi. Wọ́n yọ́ òkúta tí wọ́n ń pè ní quartz, wọ́n so ó mọ́ ọfà, wọ́n sì ta ọfà náà. Bó ṣe ń lọ ló ń fa òkúta yíyọ́ náà gùn, títí tó fi tẹ́ẹ́rẹ́ ju òwú tí àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn ń lò lọ. Wọ́n fi fàdákà bò ó, wọ́n sì nà án sáàárín òòfà ńlá. Bí iná ọkàn bá ti kọjá nínú rẹ̀, òwú náà yóò mì.

Ẹ̀rọ náà wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 270, ènìyàn márùn-ún ló ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀. Inú garawa omi iyọ̀ ni aláìsàn ń ki ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bọ̀. Lọ́dún 1905, ó ti ń gba lílù ọkàn àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn láti nǹkan bíi kìlómítà kan ààbọ̀ sí yàrá ìwádìí rẹ̀, nípasẹ̀ wáyà tẹlifóònù.

Einthoven ló fún àwọn ìlà náà lórúkọ: P, Q, R, S àti T. Títí di òní, ọ̀nà yẹn náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ń tọ̀. Yóò kọ́kọ́ ka iye ìgbà tí ọkàn ń lù láàárín ìṣẹ́jú kan, yóò wo bóyá àlàfo àárín wọn dọ́gba, yóò sì wá P níwájú QRS kọ̀ọ̀kan. Bí P kò bá sí rárá, tí àlàfo sì rí ségesège, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ atrial fibrillation, níbi tí yàrá òkè ọkàn ti ń gbọ̀n dípò kó máa lù. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú irú ọkàn bẹ́ẹ̀, kó lọ sí ọpọlọ, kó sì fa rọpárọsẹ̀. Ìdí nìyí tí kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ máàkì nìkan.

Thomas Lewis, dókítà kan ní London, lo ẹ̀rọ náà láti fi ṣàlàyé ọ̀pọ̀ irú lílù ségesège bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Einthoven gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1924, kò gbé iṣẹ́ Lewis pamọ́. Àwọn tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ tún sọ pé ó wá olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ àtijọ́ láti pín nínú owó náà fún un. Nígbà tó gbọ́ pé ọkùnrin náà ti kú, àwọn arábìnrin rẹ̀ ló fún.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1927, ni ọlọ́jọ́ dé. Ẹ̀rọ tí ènìyàn márùn-ún ń tì lẹ́yìn nígbà ayé rẹ̀ ti di ohun tí nọ́ọ̀sì kan lè gbé lọ́wọ́ kan lónìí. Àmọ́ ẹ̀rọ kò lè dá a ṣe. Ó ṣì kù sọ́wọ́ ẹni tó mọ bébà náà kà.