ESTEBAN, ẸRÚ TÓ LA Ọ̀NÀ AṢÁLẸ̀

Ẹ̀yin ọmọ wa, àti ẹ̀yin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mọ awo, bí a bá wọ mọ́tò láti Fulshear níbí, tí a gba inú Houston kọjá, a ó kan òkun ní Galveston. Agbègbè ibẹ̀ ni òkun gbé ọmọ Áfíríkà kan jù sí ní oṣù kọkànlá, ọdún 1528.

Azemmour ní ilẹ̀ Mòrókò ni wọ́n ti mú un wá. Àwọn Sípéènì ló ń pè é ní Esteban. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò sí nínú ìwé kankan. Ọ̀gá rẹ̀, Andrés Dorantes, ló mú un wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́dún 1527, pẹ̀lú ènìyàn bí 600. Ebi, àìsàn àti omi pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn tó ni ilẹ̀ sọ àwọn tó kù di ẹrú, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá àti ẹrú ṣe di ẹgbẹ́.

Nígbà tó yá, àwọn mẹ́rin sá. Wọ́n ń wo aláìsàn láti ìlú dé ìlú, wọ́n sì gba igbá tí wọ́n ń mì bíi ṣẹ́rẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn ilẹ̀ náà. Esteban ló ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀, òun ló ń béèrè ọ̀nà. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà: wọ́n dé Mẹ́síkò ní 1536. Àwọn mẹ́ta padà di ọ̀gá. Esteban padà di ẹrú.

Ní 1539, gómìnà àgbà, Antonio de Mendoza, ní kó mọ̀nà fún àlùfáà Marcos de Niza lọ sí ìhà àríwá. Esteban ló ṣáájú, ó la aṣálẹ̀ àti òkè kọjá títí ó fi kù díẹ̀ kó dé Hawikuh, ìlú àwọn Zuni, ní ibi tí à ń pè ní New Mexico lónìí. Ilẹ̀ tó ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀ ni. Adágún iyọ̀ kan wà ní gúúsù rẹ̀ tí àwọn Zuni kà sí mímọ́ títí di òní.

Esteban rán igbá rẹ̀ ṣáájú, pẹ̀lú ìyẹ́ funfun àti pupa lára. Ìròyìn tí àwọn tó sá àsálà mú wá ni pé olórí ìlú bínú, ó ju igbá náà mọ́lẹ̀, ó ní kó má wọ̀lú o. Esteban ní kò sí nǹkan kan, ó lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n pa á sí.

Ẹ̀yin ọmọ wa, bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Igbá tó ṣí ilẹ̀kùn níbì kan lè tì í níbòmíràn. Ẹ má gbọ́kàn lé ohun tó wà lọ́wọ́ yín ju ẹnu tí ẹ fi ń béèrè lọ. Bí onílé bá sì ní kí ẹ dúró, ẹ dúró.