Omu Okwei: Ìyálọ́jà Osomari tí ìgbìmọ̀ rẹ̀ ń parí aáwọ̀ láì dé kọ́ọ̀tù

Kí kọ́ọ̀tù òyìnbó tó gbilẹ̀ létí odò Ọya, ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ lọ́jà mọ ibi tí yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ gbà. Iwájú ìgbìmọ̀ àwọn ìyá ni, ìyẹn àwọn obìnrin olóyè tó ń ṣàkóso ọjà. Omu ni oyè olórí wọn. Okwei, ọmọ ìlú Osomari ní ìpínlẹ̀ Anambra òde òní, ni àwọn òpìtàn kà sí olókìkí tó kẹ́yìn nínú àwọn tó jẹ oyè náà.

Ta ni Okwei?

Ọdún 1872 ni wọ́n bí i sínú ìdílé ọba. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 9, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ìbátan ìyá rẹ̀ ní ilẹ̀ Igala. Níbẹ̀ ló ti kọ́ òwò, tó sì gbọ́ èdè wọn. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 15, ó sì bá ìyá rẹ̀ lọ sí Atani.

Nígbà tó fẹ́ oníṣòwò kan láti Brass, ẹbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí i, wọn kò sì fún un ní owó ìbẹ̀rẹ̀ òwò. Síbẹ̀, ó ń ra epo pupa àti èkùrọ́ fún àwọn òyìnbó, ó sì ń gba aṣọ, tábà àti àwọn ọjà mìíràn lọ́wọ́ wọn láti tà. Àwìn ló gbé òwò náà ró, ẹni tí kò bá sì mú àdéhùn ṣẹ kò lè rí àwìn gbà lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó yá, ó ní ọkọ̀ ojú omi, mọ́tò akẹ́rù àti ilé rẹpẹtẹ ní Onitsha. Ó tún ń yá àwọn ènìyàn lówó.

Ọ̀nà tó gbà là kò mọ́ tónítóní. Ó gba àwọn ọmọbìnrin tọ́, ó sì fi wọ́n fún àwọn oníṣòwò kí òwò tirẹ̀ lè gbòòrò.

Ìdájọ́ inú ọjà

Lọ́dún 1935 ni Okwei jẹ Omu. Oyè yìí kì í ṣe ti ìyàwó ọba. Omu ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Àwọn ló ń fi òfin ọjà lélẹ̀, tí wọ́n ń dá sí iye owó ọjà, tí wọ́n ń parí ìjà, tí wọ́n sì ń bu owó ìtanràn lé arúfin. Agbára ìdájọ́ náà wà nínú pé àwọn tó ń dá a mọ òwò, wọ́n sì mọ olùtajà. Ẹni tó bá kọ ìdájọ́ wọn yóò ṣì padà wá tajà lójú wọn.

Lẹ́yìn tó kú lọ́dún 1943, àkóso ọjà bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìlú tí ìjọba amúnisìn gbé kalẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń tajà kò wá ní ilé ẹjọ́ tiwọn mọ́.

Lónìí, òfin ọdún 2018 tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ fàyè gba oníbàárà ní Nàìjíríà láti mú ẹ̀sùn rẹ̀ lọ bá olùtajà tàbí àjọ náà láì kọ́kọ́ lọ sí kọ́ọ̀tù. Orúkọ Okwei sì ṣì wà lára òpópónà kan ní Onitsha, ìlú tí ọjà ti sọ ọ́ di olówó.