Àyìndé Bákàrè: Ẹni Tí Ó Fún Gìtá Jùjú Ní Ohùn

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ òde ìnáwó kan bẹ̀rẹ̀. Láìpẹ́ yìí, díẹ̀ nínú wa lọ bá ará ilé wa kan ṣe ìkómọ ní Yankaba, ní ìtòsí ọjà tí àwọn alátà ti ń kó tòmátì àti ẹ̀fọ́ jọ. Ẹgbẹ́ onílù kékeré kan láti Sabon Gari ni wọ́n pè. Orin jùjú ń dùn, a ń jó, a sì ń ná ìwọ̀nba owó tí ó wà lápò akẹ́kọ̀ọ́. Àfi bí iná ṣe lọ lójijì. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ìlù kò dáwọ́ dúró. Gángan ń sọ̀rọ̀ lọ, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún, àkúbà ń dáhùn. Ṣùgbọ́n gìtá ti pòórá bí ẹni pé ilẹ̀ gbé e mì. À ń rí ọwọ́ onígìtá lórí okùn, a kò gbọ́ ohun tí ó ń ta. Ẹnu olórin ń ṣí, ó ń pa dé, a kò mọ ohun tí ó ń wí. Ìgbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ ni gìtá tó jí padà.

Ọjọ́ náà ni mo bi ara mi léèrè pé, ta ni ó kọ́kọ́ gbé agbára iná mọ̀nàmọ́ná wọ inú gìtá jùjú? Orúkọ ẹni náà ni Àyìndé Bákàrè. Gbogbo wa ni a mọ Ebenezer Obey àti King Sunny Ade, ṣùgbọ́n bí a bá dárúkọ Bákàrè láàárín wa, ọ̀pọ̀ yóò máa wo ojú ara wọn. Nítorí náà ni mo ṣe mú gègé láti sọ ìtàn rẹ̀, kí n sì ṣàlàyé ẹ̀rọ tí ó mú wọ inú orin wa.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Ní ọdún 1912 ni a bí Àyìndé Bákàrè ní Lafiaji, ní Erékùṣù Èkó. Èkó ìgbà náà jẹ́ ìlú tí onírúurú ènìyàn ti pàdé. Àwọn Sàró wà níbẹ̀, àwọn Àgùdà tí wọ́n ti ilẹ̀ Brazil dé wà níbẹ̀, àwọn atukọ̀ ojú omi sì ń ti etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbé gìtá wọlé. Láàárín wọn ni orin ẹlẹ́mu ti hù, inú orin ẹlẹ́mu ni jùjú sì ti jáde.

Túndé King, ọmọ Sàró, ni orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ yọ nínú jùjú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde ní 1936. Ẹgbẹ́ onílù ìgbà náà kò pọ̀ rárá. Ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni: ẹni tí ó ń ta báńjò tí ó sì ń kọrin, ẹni tí ó ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó ń lu jùjú, èyí tí í ṣe ìlù aláwọ pẹlẹbẹ tí ó ní ṣaworo létí, àti bóyá ẹnìkan tí ó ń gbè é. Orin inú pálọ̀ ni. Àwọn olówó a jókòó sórí àga, olórin a máa fi ohùn tútù kì wọ́n, gbogbo ènìyàn a sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yékéyéké.

Ipa ọ̀nà yìí ni Àyìndé Bákàrè tọ̀. Báńjò kékeré tí wọ́n ń pè ní ukulele-banjo ni ó ń ta. Ní 1937, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù fún ilé-iṣẹ́ His Master's Voice. Rẹ́kọ́ọ̀dù ìgbà náà ni èyí tí ó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, tí ojú rẹ̀ kan kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹ má ṣe rò pé báńjò wù wọ́n lásán. Awọ ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀ bí ìlù, nítorí náà ohùn rẹ̀ ń ta síta ju ti gìtá onígi lọ. Àbùkù rẹ̀ ni pé ohùn náà gbẹ, kì í sì pẹ́ kú. Gìtá ni ohùn tirẹ̀ rọ̀, tí ó sì ń fà, ṣùgbọ́n bí ariwo bá ti díẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ mọ́.

Ìlù ńlá wọlé

Ní 1948, Àkànbí Ẹgẹ́ mú gángan wọ inú jùjú. Ohun ayọ̀ ni èyí fún ọmọ Yorùbá, nítorí gángan mọ èdè wa sọ; ó lè kì ènìyàn láti orílẹ̀ títí dé oríkì àbísọ. Ṣùgbọ́n ìṣòro bá a wọlé. Gángan kan péré tó láti bo báńjò àti olórin mọ́lẹ̀. Bí a bá wá fi ìlù kún ìlù, kí ni yóò kù fún ẹni tí ó ń kọrin? Bí ó bá pariwo, ohùn á ya, ewì tí ó wà nínú orin á sì ṣòfò. Bí ó bá kọ ìlù sílẹ̀, inú pálọ̀ ni orin náà yóò máa wà títí, nígbà tí ó jẹ́ pé ojúde ni Yorùbá ti ń ṣe ìnáwó.

Ní ọdún 1949 ni Bákàrè ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn oníjùjú kò ṣe rí. Ó gbé gìtá onígi, ó lẹ máíkì kékeré mọ́ ara igi rẹ̀, ó sì so wáyà rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Lóòótọ́, Bobby Benson tí ó ti London dé ní 1947 ti ń lo gìtá oníná nínú ẹgbẹ́ olórin ijó òyìnbó tirẹ̀ ní Èkó ní àkókò kan náà. Ṣùgbọ́n nínú jùjú, Bákàrè ni aṣíwájú. Àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá ṣe ohun tí ẹnìkan kò ṣe rí, ojú rẹ̀ á rí ohun tí ẹnìkan kò rí rí. Irú máíkì tí a ń lẹ̀ mọ́ igi bẹ́ẹ̀, bí a bá gbé gìtá rẹ̀ súnmọ́ sípíkà jù, ohùn tí ó ti ẹnu sípíkà jáde á tún mi igi gìtá, máíkì á tún gbé e padà sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro. Onígìtá ní láti mọ ibi tí yóò dúró sí, kí ó sì mọ ìwọ̀n tí yóò yí bọ́tìnnì dé.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ rántí pé 1949 ni à ń wí. Ọdún 1947 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tìráńsísítọ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, kò sì tíì dé inú ẹ̀rọ olórin. Gbogbo ẹ̀rọ agbóhùnsókè ìgbà náà, fáàfù ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Ìgò kékeré tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbẹ ni fáàfù. Irin tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀ tí iná ń mú pọ́n. Ooru yìí ni ó ń mú kí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fò láti ara irin kan lọ sí ara irin kejì. Láàárín àwọn méjèèjì ni asẹ́ wáyà kan wà. Ohùn kékeré tí ó ti ara gìtá wá, ara asẹ́ yìí ni ó ń bà lé, òun ni ó sì ń dí ọ̀nà, tí ó ń ṣí i. Ẹ wo ọmọdé tí ó di ẹnu ẹ̀rọ omi mú: agbára ọmọ náà kéré, ṣùgbọ́n òun ni ó ń pàṣẹ fún omi púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn kékeré ṣe ń darí agbára ńlá.

Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ onífáàfù kì í fi í dún lọ́gán tí a bá tàn án. Ó di ìgbà tí irin inú ìgò bá gbóná. Bí onígìtá bá sì ta okùn rẹ̀ kíkankíkan ju agbára ẹ̀rọ lọ, fáàfù kì í gé ohùn náà bí ẹni fi àáké gé igi. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń tẹ orí ohùn náà, tí ó sì ń fi àwọn ohùn kéékèèké mìíràn kún un, tí gbogbo rẹ̀ á wá nípọn, tí á sì gbóná létí. Adùn yìí ni ó mú kí àwọn onígìtá kárí ayé ṣì máa wá ẹ̀rọ onífáàfù àtijọ́ títí di òní.

Láti inú fáàfù kan náà ni tremolo ti jáde. Ní ìparí àwọn ọdún 1940 àti nínú àwọn ọdún 1950, àwọn aṣẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sínú ẹ̀rọ gìtá. Tremolux tí ilé-iṣẹ́ Fender gbé jáde ní 1955 wà lára wọn. Ẹ ti rí ọmọdé tí ó ń ké, tí ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ẹnu ara rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè sódò bí àmì ohùn, ńṣe ni ó ń pọ̀ tí ó ń dín. Tremolo gan-an nìyẹn. Fáàfù kan nínú ẹ̀rọ ni yóò máa mì jẹ́jẹ́, bí ìgbà mẹ́ta sí mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí yóò sì máa fa agbára fáàfù ńlá sẹ́yìn, tí yóò tún tú u sílẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀rọ mìíràn, gílóòbù kékeré ni ó ń ṣẹ́jú sí ohun kan tí ó mọ ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà á, ohùn á jò lọ, á sì dín. Ti àkọ́kọ́ máa ń rọ̀ bí ìgbì omi, ti èkejì a máa gé ohùn díẹ̀ sí i. Bọ́tìnnì kan wà fún ìyára rẹ̀, òmíràn wà fún ìjìnlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ má ṣe fi tremolo pe ohun tí gángan ń ṣe. Bí onílù bá fún ọsán gángan mọ́ abẹ́ apá, gíga ohùn ni ó ń yí padà. Bí onígójé Hausa bá mi ìka lórí okùn rẹ̀ ní ìgboro Kánò níbí, gíga ohùn náà ni. Vibrato ni òyìnbó ń pe ìyẹn. Fender fúnra rẹ̀ gbé orúkọ méjèèjì fún ara wọn: ó kọ vibrato sára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ó ń ṣe tremolo, ó sì pe ọ̀pá tí ó ń yí gíga ohùn padà lára gìtá Stratocaster ti 1954 ní tremolo. Àṣìṣe náà ṣì wà lẹ́nu àwọn onígìtá. Ọmọ Yorùbá tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín igbá, igba àti igbà kò gbọdọ̀ bá wọn ṣì í.

Èso iṣẹ́ rẹ̀

Ẹ padà bá mi sọ́dọ̀ Bákàrè. Nígbà tí gìtá àti ohùn olórin ti ní agbára tiwọn, ẹ̀rù ìlù kò ba onijùjú mọ́. Nínú àwọn ọdún 1950, ẹgbẹ́ jùjú bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò. Ìlù ń wọlé, ènìyàn ń kún ènìyàn, síbẹ̀ a ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí olórin ń sọ. Bákàrè náà kò dúró sójú kan. Ilé-iṣẹ́ Melodisc ní London gbé rẹ́kọ́ọ̀dù òun àti Meranda Orchestra rẹ̀ jáde. A sì tún mọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sí Inner Circle. Ojú ọ̀nà tí ó là yìí ni I. K. Dairo gbà pẹ̀lú Blue Spots, tí Ọbabìnrin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi fún un ní oyè MBE ní 1963. Òun náà ni Ebenezer Obey gbà nígbà tí ó dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964, tí King Sunny Ade sì tẹ̀ lé e, títí jùjú fi di ẹgbẹ́ onígìtá mẹ́ta mẹ́rin tí gángan ń bá sọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1972 ni Àyìndé Bákàrè jáde láyé. Ó ti lo ọdún márùn-ún-dín-lógójì láti ìgbà tí ó ti kọ́kọ́ ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù.

Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ wa

Àwọn kan a máa sọ pé ohun òyìnbó ni ó ń ba orin wa jẹ́. Ìtàn Bákàrè kò bá wọn sọ ọ́. Kò fi iná lé ìlù jáde. Iná ni ó fi ṣí ilẹ̀kùn fún ìlù. Bí kò bá sí ẹ̀rọ yẹn, ọ̀kan nínú méjì ni ì bá ṣẹlẹ̀: yálà kí gángan dákẹ́ kí ọ̀rọ̀ lè yé wa, tàbí kí ọ̀rọ̀ sọnù sábẹ́ gángan. Ó gbé ẹ̀rọ àjèjì wọlé kí ohun tiwa méjèèjì lè jọ gbé inú ilé kan.

Àwa tí a wà ní Kánò, tí a ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé, tí a ń fi Hausa nájà, tí kọ̀ǹpútà sì wà lọ́wọ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ohun èlò kò ní èdè tirẹ̀; ohun tí a bá sọ sí i ni yóò gbé sókè. Bí a bá dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ wa ni yóò gbé.

Bí ẹ bá sì rí ògbólógbòó ẹ̀rọ onífáàfù ní ilé àgbà kan ní Sabon Gari, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á fún àwọn tí ń ra àlòkù irin. Ẹ gbé e fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ẹ má ṣe fọwọ́ ara yín tú u o, nítorí iná inú rẹ̀ lè ju ọgọ́rùn-ún mẹ́ta volt lọ, ó sì lè pa ènìyàn kódà lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò lára iná ògiri.

Ní Yankaba lọ́jọ́ náà, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ dún tí gìtá sì sọjí, gbogbo wa ni a hó yèè. Ẹni tí a ń hó fún gan-an kò sí níbẹ̀. Kí Ọlọ́run tẹ́ Àyìndé Bákàrè sí afẹ́fẹ́ rere. Àṣẹ.