Eglantyne Jebb, Olùkọ́ Tí Ó Bọ́ Ọmọ Ọ̀tá

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ti Liberia wá yóò mọ Point Four, àdúgbò kan ní erékùṣù Bushrod ní ìlú Monrovia. Ní oṣù keje ọdún 2003, àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí a ń pè ní LURD gba erékùṣù náà àti èbúté Freeport tí ó wà lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Ààrẹ Charles Taylor sì di àárín ìlú mú ní òdìkejì afárá. Ìrẹsì wà ní èbúté, ebi sì ń pa ọmọdé ní àárín ìlú. Àwọn dókítà Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa wà ní ilé ìwòsàn John F. Kennedy, ṣùgbọ́n ojú ogun ni ó wà láàárín wọn àti ẹni tí ọta ìbọn bá bà ní Point Four. Ọmọ ta ni kí a bọ́, ọmọ ta ni kí a fi sílẹ̀? Ìbéèrè yìí ni obìnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fi ayé rẹ̀ dáhùn.

Ìlú Ellesmere ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a bí Eglantyne Jebb sí, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1876. Ọmọ ọlọ́lá ni. Lẹ́yìn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtàn ní Oxford, ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Stockwell, ohun tí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà ṣe, ó sì di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé kan ní Marlborough. Kí a má tan ara wa jẹ, iṣẹ́ náà kò bá a lára mu. Ó gbà pé òun kò ní ẹ̀bùn rẹ̀, àìlera sì dá kún un, ni ó bá fi í sílẹ̀ láìpẹ́. Kí ẹni tí ìdánwò ìkọ́ni ń bà lẹ́rù láàárín wa fi èyí tu ara rẹ̀ nínú.

Ní ọdún 1913, ó mú owó ìrànlọ́wọ́ lọ sí Masidóníà fún àwọn tí ogun ti lé kúrò nílé. Níbẹ̀ ni ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ogun ń ṣe fún ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ogun Àgbáyé kìn-ín-ní parí ní oṣù kọkànlá ọdún 1918, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun kò tíì ṣí ọ̀nà òkun fún oúnjẹ láti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí a ṣẹ́gun. Àwọn ọmọ Jámánì àti Austria ń rù, wọ́n sì ń kú. Ní oṣù kẹrin ọdún 1919, Jebb dúró ní gbàgede Trafalgar Square ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń pín ìwé pélébé tí àwòrán ọmọ tí ebi ti sọ di egungun wà lára rẹ̀. Ìjọba kò fi àṣẹ sí ìwé náà. Ọlọ́pàá mú un, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, ó gba ẹjọ́ ara rẹ̀ rò fúnra rẹ̀, a sì ní kí ó san owó ìtanràn pọ́n-ùn 5. Nígbà tí ẹjọ́ parí, agbẹjọ́rò ìjọba, Sir Archibald Bodkin, ẹni náà gan-an tí ó rojọ́ mọ́ ọn, fa pọ́n-ùn 5 yọ láti inú àpò ara rẹ̀, ó sì fi lé e lọ́wọ́. Èmi kò mọ ẹjọ́ mìíràn tí ó parí báyìí.

Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún kan náà, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Dorothy Buxton, pe ìpàdé ńlá sí Royal Albert Hall, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Save the Children sílẹ̀. A gbọ́ pé àwọn kan mú èso jíjẹrà wá láti fi sọ̀kò lu àwọn arábìnrin tí wọ́n fẹ́ bọ́ ọmọ ọ̀tá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán, owó ni wọ́n dá. Kí ọdún náà tó parí, Póòpù Benedict Kẹẹ̀ẹ́dógún pàṣẹ pé kí àwọn ìjọ Kátólíìkì káàkiri ayé dá owó fún àwọn ọmọ náà. Ní ọdún 1921, nígbà tí ìyàn mú ní Rọ́ṣíà, ẹgbẹ́ náà kó oúnjẹ lọ sí ẹkùn Saratov, ó sì bọ́ nǹkan bí ọmọ 300,000. Ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù bínú gidigidi pé a ń fi owó Gẹ̀ẹ́sì bọ́ ọmọ àwọn Bolshevik. Jebb kò yí padà.

Ní ọdún 1923 ó kọ ìlànà kúkurú márùn-ún sílẹ̀ nípa ẹ̀tọ́ ọmọdé. Ọ̀kan nínú wọn ni pé nígbà ìpọ́njú, ọmọdé ni kí a kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1924, Ẹgbẹ́ Àwọn Orílẹ̀-Èdè tí ó wà ní Geneva nígbà náà fọwọ́ sí i. Liberia wà lára ọmọ ẹgbẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ wa yòókù, òyìnbó ni ó ń sọ̀rọ̀ lórúkọ wọn.

Jebb kò lọ́kọ, kò sì bímọ. Àìsàn tí ó ti ń bá a fínra láti ìgbà pípẹ́ pa á ní Geneva ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún 1928, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 52, ibẹ̀ náà ni a sì sin ín sí. Ìpàdé lórí ọ̀ràn àwọn ọmọ Áfíríkà, tí ó ti ń gbèrò rẹ̀ kí ó tó kú, wáyé níbẹ̀ ní ọdún 1931.

Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn ìpàdé náà, ní ọdún 1991, ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Liberia, nígbà tí ogun ti ń jà níbẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2003, àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi erékùṣù Bushrod sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Afárá ṣí. Àwọn ará àárín ìlú sì rọ́ gba orí rẹ̀ kọjá, àtọmọdé àtàgbà, láti wá oúnjẹ.