Elliott Joslin: Dókítà Tí Ó Sọ Àwọn Aláìsàn Di Akẹ́kọ̀ọ́

Ní oṣù kẹfà ọdún 1869 ni a bí Elliott Joslin ní ìlú Oxford, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dókítà ní ìlú Boston ní ọdún 1898. Àrùn àtọ̀gbẹ ni ó fi gbogbo ayé rẹ̀ bá jà. Ìyá rẹ̀ pàápàá ní àrùn náà.

Ní ayé ìgbà náà, ọmọdé tí àtọ̀gbẹ bá mú kì í pẹ́ láyé. Ara rẹ̀ kò lè pèsè ínsúlínì mọ́. Ínsúlínì ni ó ń jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ di agbára fún ara. Ọmọ náà a máa mu omi púpọ̀, a máa tọ̀ lemọ́lemọ́, a sì máa rù. Àwọn dókítà kò ní oògùn. Wọn a dín oúnjẹ ọmọ kù títí yóò fi ku egungun. Ebi yìí a máa fa ẹ̀mí rẹ̀ gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í gbà á là.

Ní ọdún 1922, ní ìlú Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, wọ́n fi ínsúlínì tọ́jú ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan. Ní ọdún yìí kan náà ni Joslin bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní Boston. Àwọn ọmọ tí ikú ti ń dúró dè tún bẹ̀rẹ̀ sí í sanra.

Ṣùgbọ́n Joslin rí i pé oògùn nìkan kò tó. Bí ínsúlínì bá pọ̀ jù, ara ọmọ a máa gbọ̀n, òógùn a bò ó, ó sì lè dákú. Bí ó bá kéré jù, ṣúgà a kún inú ẹ̀jẹ̀, èyí sì lè pa á. Dókítà kò lè bá ọmọ gbé tọ̀sántòru. Nítorí náà, Joslin pinnu láti kọ́ ọmọ náà àti àwọn òbí rẹ̀.

Láti ọdún 1918 ni ó ti tẹ ìwé kan jáde fún àwọn dókítà àti àwọn aláìsàn. Ó tún kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ó sì rán wọn lọ sí ilé àwọn aláìsàn. Àwọn ọmọ kọ́ bí a ti ń wọn oúnjẹ, bí a ti ń se abẹ́rẹ́ nínú omi, àti bí a ti ń gún un. Wọ́n kọ́ bí a ti ń fi oògùn kan se ìtọ̀. Bí ó bá dúró bí aró, kò sí ṣúgà. Bí ó bá pọ́n, ṣúgà ti pọ̀.

Ní ọdún 1932, a dá àgọ́ ìsinmi kan sílẹ̀ ní North Oxford fún àwọn ọmọbìnrin alátọ̀gbẹ, Joslin sì ràn án lọ́wọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣeré, tí wọ́n sì ń kọ́ ìtọ́jú ara wọn láàárín ẹgbẹ́.

Joslin kú ní ọdún 1962, ní ẹni ọdún 92.

Lónìí, àwọn ọmọ kan ń gbé ẹ̀rọ kékeré mọ́ra, èyí tí ń ro ínsúlínì sí abẹ́ awọ ara díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ bí oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ jẹ ti pọ̀ tó. Bí okùn ẹ̀rọ náà bá dí, wọ́n gbọ́dọ̀ tètè mọ̀. Ẹ̀rọ kò gba ipò ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń mu omi púpọ̀, tí ó ń tọ̀ ṣáá, tí ó sì ń rù, ẹ má ṣe dúró. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.